Ọjọ́ Méje fún Gúlù

Ọdún kẹtàdínlógún nìyí tí mo ti ń tọ́jú ilé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Calgary, ní Kánádà. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi: gbígbá, nínù, dídán, àti mímọ ìgbà tí ilẹ̀ tuntun bá ti ṣeé tẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ kó yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ṣẹ́ láti ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun, wọ́n fi orúkọ mi kún àwọn tí yóò máa jókòó sí ìpàdé. Ìwé girama ni mo kà mọ. Àwọn yòókù tó wà ní ìpàdé náà ní dìgírì méjì méjì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀, èmi ni wọ́n ń bi.

Project ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sórí ìwé gígùn kan, ìlà kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà náà á sì gùn tó iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Ìlà kan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dín ọjọ́ kù, fọ́ọ̀mù wà fún un, ẹni tó bá ní kí wọ́n dín in kù ni yóò fọwọ́ sí i. Ètò tó dára ni. Mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Rónkẹ́ ló ń tọ́jú ìwé gígùn yẹn. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Calgary níbí ló ti kàwé, nígbà tó sì kàwé tán, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á sí iṣẹ́ coordinator fún oṣù mẹ́jọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Daddy ló ń pè mí, bí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá ti hewú. Òun àti ìyàwó mi, ìyá Inúolúwa, ni wọ́n jọ ń ṣètò oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn.

Ìyá Inúolúwa kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ẹtì, ní òwúrọ̀, ní ilé ìwòsàn. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi tọrọ àyè. Ní ọjọ́ kẹrin mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo wọ train ní ibùdókọ̀ Whitehorn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Rónkẹ́ pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé ìkàwé.

"Daddy. Ẹ ti padà? Ẹ ò tiẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ kan?"

"Ta lo ti sọ fún níbí?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, sir."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Julius ńkọ́?" Julius ni ọ̀gá tó wà lórí gbogbo project kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, òyìnbó tí wọ́n bí sí Calgary níbí.

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí."

Ó tẹ orúnkún mọ́lẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. "Mo ti gbọ́, sir."

Ó nídìí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn ará ibí. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n lọ sílé lọ sinmi. Wọ́n á fi inú rere sọ ọ́, wọn ò sì ní gbà kí n kọ̀. Mi ò lè wà nínú ilé yẹn ní ọ̀sán. Alẹ́ ṣeé fara dà, ènìyàn á ṣáà sùn. Ọ̀sán ni ìyá Inúolúwa máa ń wà nílé, nítorí pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀.

Jimoh tí a jọ ń tọ́jú ilé kò mọ̀ pẹ̀lú. Mùsùlùmí ni, Penbrooke Meadows ló ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní oṣù kẹfà ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń rù o. Ṣé ìyàwó ò fún yín lóúnjẹ mọ́ ni? Kí lẹ fi ṣe é?"

Mo ní ó rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbà kì í bá ìkòkò ọbẹ̀ jà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo fa garawa omi mi lọ sí àjà kejì.

Ìpàdé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wáyé ní àárín oṣù keje. Rọ́bà ilẹ̀ tuntun ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sí yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, gúlù ni yóò sì mú un mọ́ ilẹ̀. Nínú ìwé Rónkẹ́, ọjọ́ méje ni gúlù náà yóò fi gbẹ kí ohun tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ó rí i kà nínú ìwé àwọn tó ṣe gúlù náà. Èmi kò nílò kí n kà á. Gúlù yìí kan náà la lò ní àjà kejì ní ọdún méjì sẹ́yìn, èmi ni mo sì fi okùn dí ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ méje gbáko.

Àwọn tí yóò kó bẹ́ẹ̀dì wá sọ pé ọjọ́ Ajé nìkan ni ọkọ̀ àwọn yóò ráyè, rọ́bà náà kò sì ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nílẹ̀ nígbà náà. Julius yíjú sí mi. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé.

"Mr. Akínrẹ̀mí, ṣé ọjọ́ méje yìí pọn dandan?"

Fèrèsé ni mo ń wò. Ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko níta, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Ọjọ́ mẹ́ta ti tó."

Rónkẹ́ gbé orí sókè. Ìwé gúlù wà níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ó wò mí. Mi ò wò ó padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó pa méje rẹ́, ó kọ mẹ́ta. Julius dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Wọ́n tẹ́ rọ́bà náà tán ní ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn mẹ́rìnlélógún dé, irin gidi, pẹ̀lú àwọn ère ènìyàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà. Èmi àti Jimoh la ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Jimoh fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí ṣì rọ̀. Ó dà bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì."

"Ọjọ́ mẹ́ta ti pé."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ló wí, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, ẹsẹ̀ gbogbo bẹ́ẹ̀dì ti rì wọ ilẹ̀. Àwọn ojú ibi tí rọ́bà ti pàdé ti là, àárín yàrá sì wú sókè bí àkàrà. Wọ́n ká gbogbo rẹ̀, wọ́n tún un tẹ́. Ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ ni kò rí yàrá wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi wá dí i, inú wọn kò sì dùn.

Ní ìparí project, wọ́n máa ń ṣe ìpàdé kan láti béèrè ohun tí a rí kọ́. Wọ́n ní a kì í bá ẹnikẹ́ni wí níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, Julius á sì ti kọ díẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ọ̀gá wa níbi ìtọ́jú ilé tẹ tèmi jáde fún mi ní ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án. Mo jókòó sórí àga kékeré nínú yàrá irinṣẹ́ wa, mo kà á. Àpótí kẹrin nínú fọ́ọ̀mù náà béèrè ohun tó fa ìṣòro. Ohun tí Julius kọ síbẹ̀ ni pé coordinator dín ọjọ́ gúlù kù láìní ìwé ẹ̀rí, láìsí fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí.

Jimoh kà á láti ẹ̀yìn mi.

"A kì í bá ẹnikẹ́ni wí, àbí?" ló wí. "Bí ìyá mi ṣe máa ń wí nìyẹn. Á ní òun ò ní nà mí, kí n ṣáà lọ mú pàṣán wá."

Mo ká ìwé náà sápò, mo lọ bá Rónkẹ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń jẹ ìrẹsì nínú abọ́ oníke. Ó dìde.

"Jókòó. Ìgbà wo ni iṣẹ́ rẹ parí níbí?"

"Ìparí oṣù tó ń bọ̀, sir. Bí wọn ò bá fi kún un."

"Ṣé wọ́n máa fi kún un?"

Ó wo fọ́ọ̀mù tó yọ nínú àpò mi. "Ẹ ti rí i nìyẹn. Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n máa kà kí wọ́n tó pinnu."

"Bí wọn ò bá fi kún un ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́rin ló máa kù kí ọdún kan mi pé lẹ́nu iṣẹ́ fún PR, ìwé ìgbélùú. Ìwé tí mo fi ń ṣiṣẹ́ sì fẹ́ẹ̀ parí. Tí mi ò bá rí iṣẹ́ míràn kíá, màá padà sílé ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Inú màmá mi á dùn. Ó ti ń bá mi wá ọkọ."

Mi ò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo sọ pé ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí o ò kọ ọ́ sínú ìwé gígùn rẹ?"

"Gbogbo wọn ló wà ní ìpàdé náà, sir."

"Wọ́n wà níbẹ̀, wọn ò rántí. Kí ló dé tí o ò gbé fọ́ọ̀mù wá kí n fọwọ́ sí i?"

Ó dé abọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Daddy, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìpàdé yẹn, mo wà ní ilé yín. Ìwé ilé ìwòsàn lẹ̀ ń fọwọ́ sí, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìtẹ́ òkú tẹ̀lé e. Kí èmi náà wá tún gbé ìwé ka iwájú yín?"

"Ìwé iṣẹ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀, sir."

"Ìwé gúlù sì wà lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé mo ṣì í sọ."

"Mo rò pé bóyá ẹ mọ ohun tí mi ò mọ̀ ni. Ọdún kẹtàdínlógún yín nìyí níbí. Ta ni mí tí màá fi dìde láàárín àwọn òyìnbó, kí n ní Daddy ń parọ́?"

"Mi ò parọ́. Mo ṣì í sọ ni."

"Ṣé ẹ rí i. Kò sí bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó máa dùn ún gbọ́."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ ní ìpàdé lọ́la. Ó ní òun á sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Mo ní bí wọ́n bá bi í ní ìdí ńkọ́.

"Màá ní àṣìṣe ni. Bí mo bá ti fẹnu ba ìdí, ọ̀rọ̀ ikú Mummy ló máa jáde. Ẹ sì ti ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó yẹ kí inú bí mi, tàbí kí ojú tì mí. Mo dúró díẹ̀ láti mọ èyí tó jẹ́. Mi ò rí ìkankan. Mo ní kó jẹun, oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì dán ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìkàwé títí dé ìpẹ̀kun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Inúolúwa ọmọ mi pè mí láti Halifax. Ó ní, "Dad, did you eat?" Mo ní mo jẹun. Ó ní ṣé mo ti tọrọ àyè sinmi níbi iṣẹ́. Mo ní iṣẹ́ pọ̀.

Àwa mẹ́fà la wà ní ìpàdé náà: Julius, Rónkẹ́, èmi, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọkùnrin méjì láti ibi tí wọ́n ti ń bójú tó ilé kíkọ́. Julius ka àpótí kẹrin sókè. Ó bi wá bóyá gbogbo wa fara mọ́ ọn.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Rónkẹ́ wí.

"Èmi kò fara mọ́ ọn," ni mo wí.

Wọ́n wò mí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé bí wọn ò bá bi mí.

Julius gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. Àṣà kan wà tí wọ́n ń lò, wọ́n á béèrè kí ló dé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, èyí karùn-ún ni wọ́n gbà pé ó máa ń kan gbòǹgbò. Ó na ìka àkọ́kọ́.

"Kí ló dé tí ilẹ̀ náà fi bàjẹ́?"

"Gúlù kò tíì gbẹ," ni mo wí.

"Kí ló dé tí kò fi gbẹ?"

"Ọjọ́ mẹ́ta la fún un. Ọjọ́ méje ló nílò."

"Kí ló dé tí a fi fún un ní ọjọ́ mẹ́ta?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé oṣù keje. Mo mọ̀ pé méje ni."

Ìka kẹrin ṣì wà nílẹ̀. Ó rọra nà án. "Kí ló dé tí ẹ fi sọ mẹ́ta, nígbà tí ẹ mọ̀ pé méje ni?"

Ìka rẹ̀ ni mo ń wò. Ó dúró dè mí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ni mí lára. Nígbà tó rí i pé mi ò ní sọ̀rọ̀, ó kọjú sí ẹni tó kàn.

"Ó dáa. Rónkẹ́, ìwé gúlù wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o ò fi sọ nǹkan kan?"

Rónkẹ́ ń wo tábìlì. "Àṣìṣe ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Kò sí ìdí míràn?"

"Kò sí."

Julius mú bíírò rẹ̀. Mo rí ẹnu bíírò náà tó sọ̀ kalẹ̀ sórí àpótí kẹrin.

"Ìyàwó mi kú ní oṣù karùn-ún," ni mo wí.

Bíírò náà dúró.

"Kò ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ nígbà tí a ṣe ìpàdé yẹn. Ẹ bi mí ní ìbéèrè, ẹnu mi dáhùn, èmi kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí mọ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Níbi tí a ti wá, ọmọdé kì í tako àgbà lójú àwùjọ. Bí àgbà náà bá tún wà nínú ọ̀fọ̀, wọn kì í gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe pé kò ka ìwé gúlù. Ó ka ìwé náà, ó wò mí, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi."

Obìnrin olùkọ́ nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Rónkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì nu ojú.

"A ò mọ̀," ni Julius wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

Ó ní fọ́ọ̀mù náà ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní òun lè kọ pé ọ̀rọ̀ ara ẹni kan ló ṣẹlẹ̀, kí òun fi mọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ ara ẹni lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá kà á lè rò pé ti Rónkẹ́ ni. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó sì fi orúkọ mi sí i. Ó kọ ọ́. Ó bi mí ní orúkọ ìyàwó mi. Mo sọ fún un pé kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.

Àpótí karùn-ún ni ohun tí a ó ṣe kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n jíròrò lórí rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Wọ́n kọ ọ́ pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo kò lè dín ọjọ́ kù, àti pé ẹlòmíràn, tí kì í ṣe coordinator, ni yóò ka ìwé ẹ̀rí sókè níwájú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní ó ti rọrùn báyìí fún ẹni tó bá kéré. Mo rò pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, Rónkẹ́ wá bá mi lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fi oṣù mẹ́fà kún kọ́ntíráàtì rẹ̀. Ó fi lẹ́tà náà hàn mí lórí fóònù, ó sì kúnlẹ̀ pátápátá.

"Dìde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni."

"Daddy, ẹ ṣeun, sir."

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìgbà míràn tí mo bá ṣìsọ, kí o sọ fún mi."

"Lójú gbogbo wọn?"

Mo rò ó. "Fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lọ tí ọ̀gá wa fi pè mí. Lẹ́tà wà lórí tábìlì rẹ̀ fún èmi náà. Wọ́n bá mi kẹ́dùn nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, owó iṣẹ́ mi kò ní dín, àti pé àyè náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní mi ò nílò rẹ̀. Ó ní òun kọ́ ló pàṣẹ. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Jimoh ń dúró dè mí nínú yàrá irinṣẹ́. Ó ti gbọ́. Ó gba igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sọ fún mi. Mo sì ń bú yín pé wọn ò fún yín lóúnjẹ."

"O ò mọ̀."

"Àti ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ tí mo sọ."

"Jimoh, o ò mọ̀."

"Rafiat máa gbé oúnjẹ wá lọ́la. Ẹ má sọ fún mi pé kó má wá, torí mi ò ní jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún ìyàwó mi."

Mo ní kó máa bọ̀. Mo gbé ẹ̀wù òtútù mi wọ̀. Snow àkọ́kọ́ ti ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ níta, kì í ṣe èyí tó ń dúró sílẹ̀. Train kò kún, nítorí pé kì í ṣe àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí wọ́n pe Whitehorn, mo fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí n bá a dé òpin, ṣùgbọ́n òpin kò jìnnà mọ́, wọ́n á sì ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rìn gba ẹ̀yìn ilé epo, mo yà sí òpópónà wa.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Aago kan ọ̀sán ni, ìyá Inúolúwa kì bá tíì lọ síbi iṣẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo gbé e sórí àtẹ bàtà, mo sì jókòó sórí àga tó wà ní ọ̀nà àbáwọlé, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lára mi.